Àkọ́dá àti Àtúndá: Ìtàn Sinimá Nosferatu láti 1922 títí di 2024

1. Ìfáárà

Kò sí bí a ṣe lè kọ́ni ní lítíréṣọ̀ pẹ́ títí tí a kò ní bá ìbéèrè yìí pàdé: bí a bá tún iṣẹ́ kan ṣe, ǹjẹ́ èyí tí a tún ṣe náà tó èyí tí a kọ́kọ́ ṣe? Ẹni tí ó bá ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938, tí ó sì rí eré Lángbòdó tí Wálé Ògúnyẹmí gbé ka orí ìtàn náà, èyí tí wọ́n ṣe níbi àjọ̀dún FESTAC ní 1977, kò lè ṣàì bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pẹ̀lú a máa dáhùn rẹ̀ nínú ìdánwò. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà dáhùn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: wọn a to àwọn ohun tí ó yàtọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọn a kà wọ́n, wọn a sì dájọ́ pé iṣẹ́ kejì kò tó ti àkọ́kọ́ nítorí pé ó yí èyí padà, ó sì yọ tọ̀hún kúrò.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò péye. Láti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, a mú ìtàn sinimá adẹ́rùbani kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nosferatu. A mú un fún ìdí méjì. Ìdí kìíní ni pé olùdarí mẹ́ta tí a mọ̀ bí ẹni mowó ni ó ti ṣe é ní àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: F. W. Murnau ní 1922, Werner Herzog ní 1979, àti Robert Eggers ní 2024. Ìdí kejì ni pé ọ̀nà tí sinimá àkọ́kọ́ gbà délé ayé mú kí ó ṣòro láti pè é ní àkọ́dá pọ́ńbélé. A óò lo 'àkọ́dá' fún iṣẹ́ tí ó ṣáájú, a óò sì lo 'àtúndá' fún iṣẹ́ tí a gbé ka orí rẹ̀. Ohun tí a óò máa wá nínú sinimá kọ̀ọ̀kan ni ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè kan ṣoṣo: níbo ni aburú ti wọ ìlú?

2. Irú ẹ̀dá tí ìtàn náà dá lé

Ẹ̀dá tí ìtàn yìí dá lé kò ní ẹgbẹ́ gan-an nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, nítorí náà ó yẹ kí á là á yé ara wa. Kì í ṣe àkúdàáyà. Àkúdàáyà kú níbì kan, ó sì lọ ń gbé níbòmíràn bí ènìyàn. Ó lè ṣòwò, ó lè láya, ó sì lè bímọ, títí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yóò fi kò ó lójú tí yóò sì di àwátì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kì í sì í ṣe àjẹ́, nítorí pé alààyè ni àjẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń sọ pé ó ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dá inú ìtàn yìí jẹ́ òkú gidi. Ó ń sùn nínú pósí tí ó kún fún erùpẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀, ó ń dìde lóru, ẹ̀jẹ̀ alààyè sì ni oúnjẹ rẹ̀. 'Òkú amùjẹ̀' ni a óò máa pè é.

3. Láti inú ìwé bọ́ sójú sinimá

Inú ìwé ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Bram Stoker, tí a bí ní ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland ní 1847, tẹ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Dracula, jáde ní 1897. Nínú ìwé yìí, agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Jonathan Harker rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Transylvania láti parí ètò ilé tí ìjòyè kan fẹ́ rà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjòyè náà, Dracula, ni òkú amùjẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin, títí àwọn ọkùnrin kan fi kó ara wọn jọ, tí wọ́n lé e padà sí ilẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì fi ọ̀bẹ pa á. Stoker kú ní 1912. Florence, ìyàwó rẹ̀, ni ẹ̀tọ́ lórí ìwé náà kù sí lọ́wọ́.

Ní 1921, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Jámánì, Prana-Film, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìwé yìí di sinimá. Albin Grau, tí ó jẹ́ ayàwòrán, wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, òun ni ó sì pinnu bí aṣọ àti ilé inú sinimá náà yóò ṣe rí. Henrik Galeen ni ó kọ eré náà, Murnau ni ó darí rẹ̀, Max Schreck ni ó sì ṣe òkú amùjẹ̀. Wọn kò gba àṣẹ lọ́wọ́ opó Stoker. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yí orúkọ padà: Dracula di Orlok, Jonathan Harker di Thomas Hutter, Mina ìyàwó rẹ̀ sì di Ellen. Wọ́n gbé ìtàn náà kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Wisborg, ìlú àfinúrò kan ní Jámánì, wọ́n sì fi àsìkò rẹ̀ sí 1838. Síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sójú sinimá náà fúnra rẹ̀ pé inú ìwé Stoker ni àwọn ti mú un. Wọ́n dà bí ẹni tí ó jí àgbò tí ó sì so agogo mọ́ ọn lọ́rùn.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Ẹrẹ́nà 1922 ni wọ́n ṣe àfihàn rẹ̀ nínú gbọ̀ngán kan ní ọgbà ẹranko ìlú Berlin. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé etí Florence Stoker. Ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró tì í, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n Prana-Film ti wọko gbèsè. Kò sí owó tí opó náà lè rí gbà. Ní 1925, ilé-ẹjọ́ ní Jámánì pàṣẹ pé kí wọ́n run gbogbo ẹ̀dà sinimá náà. Àṣẹ yìí kò ká gbogbo wọn, nítorí pé àwọn ẹ̀dà kan ti kọjá sí ilẹ̀ òkèèrè. Ara àwọn ẹ̀dà tí ó bọ́ lọ́wọ́ iná wọ̀nyẹn ni a fi tún un tò tí a fi ń rí i wò lónìí.

Kò yẹ kí á fi ojú kékeré wo ẹjọ́ yìí. Opó náà jàre. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa owó láìbéèrè, kò sì sí òǹkọ̀wé tí yóò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ilé-ẹjọ́ bá sì rí gbogbo ẹ̀dà run, ayé ìbá ti pàdánù ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tí ó kọ́ àwọn olùdarí bí a ṣe ń fi àwòrán dẹ́rù bani. Òtítọ́ méjèèjì ni ó dúró. Ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kàn wá jù ni pé sinimá tí àwọn ènìyàn ń pè ní àkọ́dá lónìí, tí wọ́n fi ń wọn àwọn tí ó tẹ̀lé e, àtúndá ni òun náà, àtúndá tí kò gba ìyọ̀ǹda pàápàá.

4. Ohun tí sinimá 1922 fi kún ìtàn náà

Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ nìkan ni wọ́n yí padà, ẹjọ́ náà ni ìbá jẹ́ òpin ọ̀rọ̀ lórí sinimá yìí. Ṣùgbọ́n ohun méjì pàtàkì ni wọ́n fi kún un. Èkíní ni oòrùn. Nínú ìwé Stoker, Dracula lè jáde ní ọ̀sán. Agbára rẹ̀ ni kì í pọ̀ nígbà náà. Sinimá 1922 ni ó mú un wá pé ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń pa òkú amùjẹ̀. Ellen kà á nínú ìwé kan pé bí obìnrin tí ọkàn rẹ̀ mọ́ bá dá òkú amùjẹ̀ dúró lọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí àkùkọ yóò fi kọ, agbára rẹ̀ yóò pin. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Oòrùn yọ, Orlok di èéfín, Ellen náà sì kú. Lónìí, ẹni tí kò ka ìwé Stoker rí gbà pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni oòrùn ti jẹ́ èèwọ̀ fún òkú amùjẹ̀. Àfikún àtúndá ti di ohun ìní gbogbo ìtàn náà.

Èkejì ni àjàkálẹ̀ àrùn. Nínú ìwé, ènìyàn ni Dracula ń mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú sinimá, gbogbo ìlú ni Orlok pa lára. Eku bá a wá nínú ọkọ̀ ojú omi, àrùn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń ru pósí gba àárín ìgboro kọjá ní ìtòtẹ̀lé. Ẹ rántí pé ọdún mẹ́rin péré ni ó ti kọjá tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí, àti pé ní 1918 kan náà ni àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ń pa ènìyàn káàkiri ayé. Àwọn tí ó jókòó wo sinimá yìí ní 1922 kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé pósí fún wọn.

Sinimá tí kò fọhùn ni. Ojú àti òjìji ni Murnau fi ń dẹ́rù bani. Orí Orlok pá, etí rẹ̀ gùn sókè, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì rí bíi ti eku, èékánná rẹ̀ sì gùn. Nígbà tí ó ń gun àtẹ̀gùn lọ sí iyàrá Ellen, òjìji rẹ̀ lára ògiri nìkan ni a rí. Àwòrán yẹn kò lò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, àmọ́ ẹni tí ó bá rí i kì í gbàgbé rẹ̀.

Níbo ni aburú ti wọ ìlú nínú sinimá yìí? Ìta ni. Àjèjì kan ni ó gbé e wá láti ìhà ìlà-oòrùn. Bí àjèjì náà ti kú, àrùn dáwọ́ dúró ní wákàtí kan náà. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Àwọn onímọ̀ kan ti tọ́ka sí i pé ìrísí Orlok, imú rẹ̀ tí ó tẹ̀ kọdọrọ, àti eku tí ó ń bá a rìn, jọ àwòrán ẹ̀gàn tí àwọn kan ń yà nípa àwọn Júù ní Yúróòpù nígbà náà. A kò sọ pé èrò àwọn tí ó ṣe sinimá náà nìyẹn. Júù ni Galeen tí ó kọ eré náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1940, ìjọba Hitler gbé sinimá kan jáde tí ó fi àwọn Júù wé eku ní gbangba, nígbà tí pípa wọ́n ní ìpakúpa ti ń sún mọ́ tòsí. Ìtàn tí ó bá sọ pé àjèjì ni àrùn, tí ikú rẹ̀ sì ni ìwòsàn, kì í ṣe ìtàn tí a lè tún sọ lẹ́yìn 1945 láìronú.

5. Àtúndá ti Herzog, 1979

Werner Herzog, tí a bí ní ìlú Munich ní 1942, wà lára ìran tí ó dàgbà lẹ́yìn ogun náà. Ó ti ṣàlàyé pé ìran òun kò ní baba nínú iṣẹ́ sinimá, nítorí pé àwọn tí ìbá jẹ́ baba wọn yálà bá ìjọba Hitler ṣe tàbí sá kúrò nílùú. Àwọn bàbá àgbà, irú Murnau tí ó kú ní 1931, nìkan ni àwọn lè wò. Ó ka Nosferatu ti 1922 sí sinimá tí ó dára jù lọ ní Jámánì. Nítorí náà, ọ̀wọ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àwòrán kan wà nínú tirẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Murnau gẹ́lẹ́, Klaus Kinski tí ó ṣe òkú amùjẹ̀ sì pá lórí, ó gùn létí bíi ti Schreck. Wákàtí bíi mẹ́rin ni wọ́n fi ń kun ojú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìlú Delft ní ilẹ̀ Hóláǹdì ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ Delft kò gbà kí wọ́n tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún eku tí wọ́n kó wá sílẹ̀ ní ìlú wọn, ìlú Schiedam ni wọ́n ti rí èyí ṣe.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ka ìyàtọ̀ lásán, yóò rí i pé Herzog dá orúkọ Dracula padà, pé Lucy ni ó pe ìyàwó Jonathan, àti pé sinimá tirẹ̀ ń fọhùn, ó sì ní àwọ̀. Èyí kò tíì kan ọ̀rọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìparí. Lucy dá Dracula dúró títí ilẹ̀ fi mọ́ gẹ́gẹ́ bí Ellen ti ṣe. Ilẹ̀ mọ́ bá Dracula, ó ṣubú, Lucy kú. Ṣùgbọ́n aburú náà kò tán. Jonathan, ọkọ tí Lucy kú nítorí rẹ̀, ti di òkú amùjẹ̀ láìjẹ́ pé ìyàwó náà mọ̀. Ó ní kí wọ́n mú dókítà tí ó parí pípa Dracula gẹ́gẹ́ bí apànìyàn, nígbà tí kò tilẹ̀ sí ọlọ́pàá tàbí ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ́ nínú ìlú tí àrùn ti run. Lẹ́yìn náà ó gun ẹṣin, ó sì gba orí iyanrìn lọ sí ọ̀nà jíjìn. Òkú amùjẹ̀ àgbà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀dá tí ń kẹ́dùn. Ohun tí ó ń dùn ún ni pé òun kò lè darúgbó kí òun sì kú bí ènìyàn.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani: ìdáhùn Herzog sí ìbéèrè wa nìyẹn. Àjèjì kú, àrùn sì wà lára ọmọ ilé. Ọmọ Jámánì tí a bí ní 1942 ni ó ń sọ èyí fún àwọn ọmọ Jámánì ní 1979, ó sì ń fi àwòrán Murnau gan-an sọ ọ́. Kò ba iṣẹ́ bàbá àgbà jẹ́, kò sì tún un pè bí ayékòótọ́. Ó dá a lóhùn.

6. Àtúndá ti Eggers, 2024

Robert Eggers jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí ní 1983. Láti ìgbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ìtàn yìí ti wọ̀ ọ́ lára, tí ó sì darí rẹ̀ lórí ìtàgé. Sinimá tirẹ̀ jáde ní oṣù Ọ̀pẹ 2024. Ó dá orúkọ Orlok, Hutter àti Ellen padà. Ó sì dá Wisborg ti 1838 padà. Lójú ẹni tí ń ka ìyàtọ̀, òun ni ó yẹ kí ó sún mọ́ àkọ́dá jù lọ. Ṣùgbọ́n Orlok tirẹ̀, tí Bill Skarsgård ṣe, kò jọ eku. Irùnmú rẹ̀ nípọn, ó wọ aṣọ onírun ìjòyè àtijọ́, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga. Ara rẹ̀ ń jẹrà bí ara òkú. Nípa báyìí, ó yọ àwòrán ẹ̀gàn tí a mẹ́nu bà lókè kúrò.

Ìyípadà tí ó tóbi jù ni ti Ellen, tí Lily-Rose Depp ṣe. Sinimá náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ellen ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin. Ó dá wà, ó ń gbàdúrà kí ẹnì kan wá bá òun, Orlok sì ni ó jẹ́ ìpè náà. Ó ti mú ọmọ náà kí ó tó di pé ọmọ náà mọ ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Nígbà tí ó dàgbà tí ó sì lọ́kọ, ìtìjú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i kò jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin tí ó yí i ká sì ń pe ìrora rẹ̀ ní àìsàn, wọ́n ń dè é mọ́ ibùsùn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Eggers ń béèrè pé ta ni ó yẹ kí á dá lẹ́bi bí ó bá jẹ́ ọmọdé ni ògiri náà. Nínú sinimá 1922, a kò mọ ìdí tí ó fi jẹ́ Ellen ni yóò kú. Nínú ti 2024, a mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ ọwọ́ inú rẹ̀ kò ṣeé fojú di. Ẹ̀ka mẹ́rin ni wọ́n ti yàn án mọ́ àwọn tí ń du ẹ̀bùn Oscar ní 2025, gbogbo wọn ni ó sì jẹ mọ́ ohun tí ojú ń rí: yíya àwòrán, ilé àti àyíká, aṣọ, àti ṣíṣe ojú àti irun.

7. Ǹjẹ́ àtúndá tó àkọ́dá?

A wá dé orí ìdájọ́. Lójú tiwa, sinimá ti 1979 tó ti 1922, a sì lè gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìbẹ̀rù. Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé Herzog mú ìdáhùn tí ó léwu jù nínú iṣẹ́ Murnau, ó sì yí i padà láti inú, láìfọ́ ìkòkò tí ó gbé e. Ẹni tí ó bá wo ti Herzog tí ó sì padà sí ti Murnau yóò rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀.

Sinimá ti 2024 ní ìdáhùn tuntun, ìdáhùn náà sì jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbà pé ó dé ibi tí ti Herzog dé. Àlàyé pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n inú rẹ̀, von Franz, ń sọ ohun tí òjìji kan lára ògiri ti sọ tán ní 1922, ìbẹ̀rù sì máa ń dín kù bí a bá ti là á yé ni tán. Bákan náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ di ti Ellen àti Orlok, ìlú tí àrùn ń pa di ẹ̀yìn àwòrán. Ohun tí ó jèrè lọ́wọ́ kan ni ó pàdánù lápá kan lọ́wọ́ kejì. Ẹlòmíràn lè wo sinimá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ó dájọ́ òdìkejì, a kò ní bá a jà, bí ó bá ṣáà ti sọ ohun tí ó fi wọ̀n ọ́n.

Òṣùwọ̀n yìí gan-an ni a fẹ́ kí olùkọ́ àti olùdánwò gbé yẹ̀wò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń fi iṣẹ́ àtúndá wé àkọ́dá, yálà sinimá ni tàbí eré tí a fà yọ nínú ìwé Fágúnwà, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó dáhùn: kí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ń béèrè? Kí ni iṣẹ́ kejì fi dá a lóhùn? Kí ni ó sì sọnù nínú ìdáhùn náà? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó to ìyàtọ̀ ogún tí kò sì dáhùn ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí kò tíì ṣe lámèyítọ́; ó kàn ka ohun ìní oní-ǹkan ni.

8. Ìkádìí

A ti rí i pé sinimá tí à ń pè ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ àtúndá tí ilé-ẹjọ́ fẹ́ run ní 1925, àti pé àfikún rẹ̀ ni ó di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nípa òkú amùjẹ̀. A ti rí i pé aburú tí ó wá láti ìta ní 1922 wá láti inú ilé ní 1979, ó sì wọlé nípasẹ̀ ọgbẹ́ ọmọdé ní 2024. Àwọn tí ó ń pa àlọ́ láàárín wa ti mọ èyí tipẹ́. Wọn kì í béèrè bóyá àlọ́ alẹ́ òní bá ti àná mu ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń wò ó bóyá àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú wọn lóru òní gbé e.